Ilẹ̀kùn Irin Ẹ̀yìn Ṣáláńgá

Ìgbẹ́ náà kì í ṣe ìgbẹ́ mọ́. Omi lásán ni, ó funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ó sì ń jáde lára ọmọ náà láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ti fi ìró nù ún, ó ti fi aṣọ ìbora nù ún, ó ti já kọ́tìnì ojú fèrèsé nù ún. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, kò sí aṣọ kan nínú yàrá náà tí èèyàn lè gbé sún mọ́ imú. Ọmọ ọdún mẹ́rin, àbíkẹ́yìn ilé, ẹni tó gun orí fíríìjì lánàá tí wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀, ló wá tẹ́ sórí ẹní bí aṣọ tí wọ́n ti fún omi ara rẹ̀ dànù.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ ilé, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí ìró bo imú. Ó ní eyín ni. Ìyàwó ilé bi í pé eyín wo ni ọmọ ọdún mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hù. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n má bá òun jiyàn láàárọ̀ kùtù, bí kì í bá ṣe eyín, á jẹ́ oòrùn. Nínú irú ooru báyìí, kí ni kò lè jẹ́ oòrùn?

Ooru náà mú lóòótọ́. Oṣù tó yẹ kí afẹ́fẹ́ tutù dé, ó tún kọjá, ògiri ṣì ń gbóná láti àárọ̀ di àárọ̀, àwọn àgbàlagbà ń sùn sí gbangba bí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ kí ará ilé yìí bú ooru. Yìnyín ni ìyàwó ilé ń tà. Inú kànga ẹ̀yìn ilé ló ti ń fa omi, á bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké, á so wọ́n lẹ́nu, á kó wọn sínú fíríìjì ńlá tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tó bá fi dọ̀sán, wọ́n ti dì gbagidi. Àwọn ọmọ iléèwé ń lá a, àwọn bíríkìlà ń lá a, Tíṣà tó ń gbé òkè pàápàá máa ń ránṣẹ́ wá rà á. Ìyá Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ooru bá ṣe ń le sí i ni ọjà rẹ̀ ń yá sí i, ohun tó ń pa ará yòókù ló ń bọ́ ilé náà.

Ọmọ náà la ẹnu, ó ní omi. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń bó. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ṣí fíríìjì, ó mú ọ̀rá yìnyín kan, ó fi eyín já a, ó sì fi sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ náà ń fà á bí ẹni tó ń fa ọmú.

Wẹ́dà, ọkọ ilé, dúró lójú ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ti jóná káàkiri, ó ń wò wọ́n.

"Má fún un níyẹn," ló sọ.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó dé. Wẹ́dà gbé ojú sílẹ̀, ó ní ó tutù jù. Ó tún ní bóyá kí wọ́n lọ ra omi mìíràn, omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní títì, kí wọ́n fi ṣe omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ. Obìnrin náà wò ó títí.

"Èmi tí mò ń ta omi fún gbogbo ayé, kí èmi wá lọ máa ra omi fún ọmọ mi?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìró tó fi bo imú. Wẹ́dà ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Wẹ́dà mọ̀ tí kò sọ kì í ṣe àṣírí ńlá kan. Ìdajì rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ẹnu ni wọn kì í fi kàn án. Orí òkè ni wọ́n tẹ àdúgbò náà dó sí, ilé ń tẹ̀lé ilé bọ̀ nísàlẹ̀ títí dé ibi irà. Bí ṣáláńgá bá kún níbẹ̀, wọn kì í pe ẹni tó ń kó o. Òjò ni wọ́n ń retí. Bí àgbàrá bá ti ń wọ́, onílé á lọ sẹ́yìn ṣáláńgá rẹ̀, á yọ òkúta tó dí ihò ìsàlẹ̀ ògiri, àgbàrá á sì bá a kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn bàbá wọn ṣe nìyẹn. Ohun tí Wẹ́dà fi kún un ni irin. Ó kórìíra kí èèyàn máa fi ọwọ́ yọ òkúta tó ti dà bẹ́ẹ̀, ló bá jókòó rò ó, ó sì rọ ilẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kan tó ní ìdábùú, tó tún ní ọwọ́ gígùn tí èèyàn lè dì mú láìfara kan nǹkankan. Tiẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe. Kò pẹ́ tí ilé tí kò ra lọ́wọ́ rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ní ó gbọ́n. Wọ́n ní orí rẹ̀ pé.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní àdúgbò yìí, òjò ni wọ́n ń rán kó o, wọ́n sì rò pé òun náà á gbàgbé. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ létí irà ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, kò kúkú sẹ́ni tó ní kí wọ́n má kọ́lé sókè.

Òjò àtijọ́ gbà fún wọn, ká má purọ́. Á kọ́kọ́ rọ̀ wẹ́liwẹ́li, ilẹ̀ á rọ̀, kó tó wá di àgbàrá tó ń sáré. Ti ọdún yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi gan bí àwo. Lẹ́yìn náà, ní oṣù tí ẹnikẹ́ni ò bá a ṣe àdéhùn, òjò odindi àsìkò kan rọ́ lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Bí ojú ọ̀run ṣe ń ṣú lọ́jọ́ náà, Ìyá Oníyìnyín bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó má ṣí tiwọn, nítorí kànga, ọkọ rẹ̀ sì ní òun ò ní í ṣí i. Ṣùgbọ́n ṣáláńgá ti kún dé ẹnu, gbogbo ilé ló sì ń ṣí tiwọn. Ó fi àpò sìmẹ́ǹtì borí, ó yọ́ lọ sẹ́yìn, ó fa ọwọ́ irin náà. Ilẹ̀ ò mu omi, gọ́tà ò gbà á, irà kún, ni omi bá yíjú padà, ó ń gun òkè bọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n rán níṣẹ́ sì padà wálé. Ó rọ̀gbà yí ilé wọn ká, ó lá etí kànga bí ajá. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, ó gbẹ ẹ́, wọ́n gbálẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í, Wẹ́dà ní òun ò fọwọ́ kàn án. Omi kànga náà mọ́ lójú kedere. Obìnrin náà ń fà á nìṣó.

Bí wọ́n ṣe wà lórí ọ̀rọ̀ omi yìí ni Ìròyìn wọlé. Obìnrin tó ń ránṣọ nílé kejì ni, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ nìyẹn nítorí pé ibi tí ojú rẹ̀ ò bá tó, ẹnu rẹ̀ á tó o. Ó ti ra yìnyín kí ó tó jókòó, ó ń yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí òsì bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní nísàlẹ̀, wọ́n gbé bíríkìlà kan àti ìyàwó rẹ̀ sórí ọ̀kadà kan náà láàárọ̀ yìí, òkè ń tú, ìdí ń tú, ọlọ́kadà sì ń bú wọn lọ. Ó ní onígbáméjì ni.

Ìyá Àgbà ta ìka lórí. Tíṣà, tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà láti dá sí i. Ìròyìn ní ọ̀bùn ni àwọn ará ìsàlẹ̀, inú ẹrọ̀fọ̀ ni ọmọ wọn ń ṣeré, kí ni wọn ò ṣe ní í kó àrùn? Ilé tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an bó ṣe ń sọ ọ́, ilẹ̀kùn irin tirẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé ọ̀hún, ìgbẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì gbẹ mọ́ ọn lára.

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ náà ju ti ọ̀bùn lọ. Ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò pé gbogbo ayé ló ń gbóná sí i, pé èéfín iléeṣẹ́ àti ọkọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ló fà á, òjò ò mọ oṣù rẹ̀ mọ́, kòkòrò àìsàn sì fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Wọ́n ń mi orí. Ara tù wọ́n. Bó bá jẹ́ ayé ló gbóná, a jẹ́ pé kò sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Òdodo ni Tíṣà sọ. Àwọn tó ń dáná sun ayé wà lóòótọ́, wọn ò mọ àdúgbò yìí, wọn ò sì ní í wá bá wọn ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n èéfín ò ní ọwọ́ tó fi ń fa irin.

Ìyá Oníyìnyín ò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti dákẹ́ ẹkún. Ojú rẹ̀ ti jìn wọ agbárí, ó ń wo òrùlé láìṣẹ́jú. Obìnrin náà gbé e pọ̀n, ó ní ilé ìwòsàn yá. Ìyá Àgbà ní ta ni yóò wá jókòó ti ọjà, nínú oòrùn tí gbogbo ayé ń wá ohun tútù yìí. Wọ́n ṣe fàá-kája díẹ̀ lórí ìyẹn, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, omi ìgbẹ́ ń ṣàn ṣòòròṣò sí i lẹ́sẹ̀.

"Ẹ bá mi tà á, Mọ̀mọ́," ló sọ níkẹyìn. "Owó ibẹ̀ náà la máa fi ra oògùn."

Wẹ́dà wo fíríìjì, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Ilé ìwòsàn náà kò tóbi. Wọ́n kọ́ ọ fún ibà àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì í ṣe fún èyí. Wọ́n ti gé ihò sáàárín bẹ́ẹ̀dì, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn sì ń gbọ́ bó ṣe ń dà sí i. Àwọn àgbà tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí lójú pópó sùn síbẹ̀ láìwọ ṣòkòtò. Oògùn apakòkòrò ń rùn, èébì ń rùn, eṣinṣin ò sì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ bà lé. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ ti há. Ó wá iṣan ọmọ náà títí kó tó rí i, ó fa omi sí i lára, ó wá bi wọ́n léèrè omi tí wọ́n ń mu nílé.

Ìyá Oníyìnyín ní omi kànga àwọn ni, ó sì mọ́.

Nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó dé ibí tí tiẹ̀ kì í mọ́. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àìsàn yìí ní ìgbà tirẹ̀, á bá òjò wá, á bá òjò lọ, wọ́n á fọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sinmi. Ní báyìí, kì í dágbére mọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èyí tó rú mi lójú ni pé àwọn tòní kì í ṣe ará ìsàlẹ̀ nìkan. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ, kò bára mu. Àmọ́ gbogbo wọn ló ní àwọn lá yìnyín."

Ìyá Oníyìnyín fi ọwọ́ nu òógùn iwájú orí ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mò ń ta yìnyín, Nọ́ọ̀sì. Àmọ́ kò lè jẹ́ tèmi. Àwọn yòókù ló ń ṣí ṣáláńgá sínú òjò. Ọkọ mi nìyí, ẹ bi í. A ò ṣí tiwa."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Wẹ́dà. Wẹ́dà ń wo omi tó ń kán nínú rọ́bà. Ó ní òun fẹ́ lọ mú aṣọ mímọ́ wá láti ilé.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó má pẹ́, kó rántí mú ìró òun tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ìyẹn nìkan ni kò tíì bà jẹ́.

Ó rìn títí ó fi ń sáré. Iléèwé ti jáde. Ìyá Àgbà gbé bàsíà yìnyín sórí àga níwájú ilé, àwọn ọmọ yí i ká bí adìyẹ, ahọ́n wọn pupa, ọwọ́ wọn ń kán tótó. Àtàárọ̀ ni ọjà ti ń yá. Wẹ́dà gba bàsíà náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dà á sílẹ̀. Àwọn ọmọ rò pé ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣa yìnyín nínú iyanrìn, wọ́n ń fi aṣọ nù ún, wọ́n ń jù ú sẹ́nu. Ó ń lé wọn, ó ń fi bàtà fọ́ èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ó wọlé, ó fa wáyà fíríìjì yọ, ó ń kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dà sójú àgbàlá. Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí, ó ń ké sí aládùúgbò pé kí wọ́n wá wo ẹni tó ń ba ọjà aya rẹ̀ jẹ́ nígbà tí ọmọ ń ṣàìsàn.

Wọ́n wá. Ìròyìn wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ bùbá àti yìnyín tó tún wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Tíṣà, tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yà wá. Wẹ́dà ní omi náà kò dára. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ní kí ló ṣe omi? Ìròyìn bá a dáhùn pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni, òun ti sọ ọ́ láàárọ̀, àwọn ni wọ́n ń tan àrùn bọ̀ lókè.

Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ó gbé ọ̀rá òfìfo sókè, ó ń yí wọn kiri. Ojú ọ̀run ti ṣú láti apá irà wá, ní oṣù tí kò yẹ kó ṣú, ìyẹn fún ìgbà kejì. Àwọn èèyàn fi iyàn sílẹ̀, olúkúlùkù ń wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ohun tí wọ́n rán lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti padà bọ̀, ṣáláńgá wọn ṣì kún. Ìròyìn so ìró rẹ̀ le.

"Ẹ má ṣí i lónìí," ni Wẹ́dà wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyí láti ẹnu ẹni tó ta ilẹ̀kùn fún àwọn. "Àbí ìwọ ò ṣí tìẹ ni?"

Wẹ́dà ò mọ ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ dé. Obìnrin náà ti retí rẹ̀ títí, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ó wá mú aṣọ fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bí ọmọ bá tọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n lè mí, ewu ti ń kọjá nìyẹn. Ọmọ ò tíì tọ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tó ṣí sílẹ̀, ó ń wo ọjà rẹ̀ tó ń di omi lójú àgbàlá.

"Mo ṣí i," ni Wẹ́dà sọ. Ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. "Lọ́jọ́ òjò yẹn, mo ṣí tiwa. Ó wọnú kànga. Mo sì jẹ́ kí wọ́n máa tà á."

Ìròyìn tu yìnyín ẹnu rẹ̀ sí iwájú bàtà Wẹ́dà, ó sì ń tutọ́ lẹ́yìn náà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ahọ́n. Èébú wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é ní apààyàn. Wọ́n ní ó fi ìgbẹ́ rẹ̀ bọ́ àwọn, ó tún gbowó rẹ̀. Tíṣà ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, ó ní irú èèyàn báyìí ni kì í jẹ́ kí ìlú dára. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàsíà òfìfo lẹ́sẹ̀, kò gbèjà ọmọ rẹ̀. Láàárín gbogbo ariwo náà, kò sẹ́ni tó sọ pé òun náà ṣí tòun.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò bú u. Ó wọlé lọ, ó mú ìró ìsàlẹ̀ àpótí, ó ká a. Nígbà tó ń kọjá lára ọkọ rẹ̀, ó dúró.

"Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì sókè. "Ọwọ́ mi yìí. O dúró, ò ń wò mí."

Ó gba ojú títì lọ. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá a ní ìkóríta, kò sáré.

Òjò náà ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Ó bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tú wọn ká, ariwo wọlé lọ pẹ̀lú àwọn tó ń pa á. Wẹ́dà lọ sẹ́yìn ṣáláńgá. Ó fẹ́ jó ilẹ̀kùn irin náà pọ̀ mọ́ ìdábùú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí i láé, ṣùgbọ́n kò sí wẹ́dà tó ń jó irin nínú òjò. Ó fi ìdábùú dè é, ó kó òkúta tì í, ó sì jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti irin náà. Lódìkejì, ó ń gbọ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń ru sókè.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ èkínní. Láti òkè ni, irin tó ń han goorogo lórí irin. Ti Tíṣà nìyẹn, ó ti sọ fún un tipẹ́ pé kó máa fi òróró sí i. Ti Ìròyìn ló tẹ̀ lé e, ìdábùú rẹ̀ wúwo, ó máa ń dún gbàǹgà bí wọ́n bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tilé tó kọjú sí tiwọn, àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àti èyí tó tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn. Ó mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí òun ló rọ wọ́n.

Àgbàrá dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúdú, ó ń rùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìyá Àgbà yọ orí lójú fèrèsé, ó ń nawọ́ sí ojú ọ̀run tó ti fẹ́ máa là.

"Kí lò ń jókòó ṣe níbẹ̀?" ló ké sí i. "Yára ṣí tiwa, kí òjò tó dá."